Irin Tí Ọkọ Mi Kọ Pélé Fún

Orogún kan ṣoṣo ni mo ní láyé, irin sì ni. Ìbọn ìléwọ́ ni, dúdú, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi lọ. Inú yàrá onírin kan ní Dagenham, nílùú òyìnbó tí a ń gbé, ló ń sùn, nítorí òfin ìlú yìí kò gbà kí ó tẹ̀lé ọkọ mi wálé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òfin. Bí kì í bá ṣe òfin ni, àárín èmi àti Adéyanjú ni ìbá máa sùn.

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù o. Ìbọn fíìmù ni. Ọta tí wọ́n ń kì sí i kò ní òjé lórí, iná àti ariwo lásán ni, wọ́n sì ti fi irin há a lọ́fun kí ohunkóhun má baà gba ibẹ̀ jáde pa ọmọ ọlọ́mọ. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ a máa yá àwọn tó ń ya fíìmù ní ìbọn àti idà àti oríṣiríṣi ohun ìjà ẹ̀tàn. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Seth, òyìnbó kan tí baba rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó sì fi í jogún fún un. Ọkọ mi ló ń tọ́jú àwọn ìbọn. Iṣẹ́ tó mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Ọlọ́pàá ni ní Abẹ́òkúta nígbà èwe rẹ̀, ilé ìbọn ni wọ́n fi í sí, kò sì yìnbọn lu ẹnì kankan rí. Títún un ṣe ni tirẹ̀.

Èyí tí mò ń pè ní orogún mi yìí ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Sylvanus, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìyàwó Kékeré, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Tí a bá ń wo fíìmù nínú pálọ̀ wa ní Eastbury, tí ọ̀daràn kan bá ti fa ìbọn yọ, Adéyanjú á gbá mi ní ìgúnpá, á ní, "Ìyá Tóbi, òun nìyẹn! Wò ó, òun nìyẹn!" Kì í mọ orúkọ aṣeré. Kì í mọ ẹni tó kú tàbí ìdí tó fi kú. Ìbọn ló ń wò.

Ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá mi lẹ́kọ̀ọ́ nídìí oúnjẹ, bí ẹni pé mo ní kó kọ́ mi. Ó ní ara ńlá ìbọn kì í tètè bàjẹ́. Ohun kékeré inú rẹ̀ ní í kán. Sípíríǹgì á dẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ń gún ìdí ọta á ṣẹ́, ìkọ́ kékeré tí ń fa ìkarahun ọta jáde á já lẹ́nu. Ó ní ọta fíìmù tilẹ̀ burú ju ọta gidi lọ, nítorí èéfín rẹ̀ pọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí èèpá ìdí ìkòkò. "Ó máa ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ ènìyàn," á ní, "ṣùgbọ́n irin kì í sọ. Ó máa ń dún ni. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á ti gbọ́ kó tó kán." Lóòótọ́ ni o. Wọ́n ní ó lè kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń yìnbọn, kó sì sọ pé sípíríǹgì yẹn ti ń dẹ̀.

Orúnkún mi òsì ti ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́," ó sì ní kí n bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà bó ṣe rí. N kò ní parọ́. Nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, tí kò sí ẹni tó ń ya fíìmù, mo rí ohun tí n kò fẹ́ rí mọ́. Adéyanjú jókòó sídìí fèrèsé, ó ń wo ògiri ilé àtijọ́ tí àwọn àlejò máa ń wá yà ní fọ́tò ládùúgbò wa. Ó tú aago ara ògiri palẹ̀, ó tò ó padà, ó tún tú u. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó ń jẹun, oúnjẹ kò hàn lára rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pè é padà síṣẹ́, ó fá irùngbọ̀n, ó kọrin nínú ilé ìwẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sí kíṣìnì mo dúpẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Sylvanus. Ọmọ Sàpẹ́lẹ́ ni Sylvanus, Agége ló dàgbà sí, òun ló ń tọ́jú sítọ̀ níbi iṣẹ́ kan náà. Òun ló ń ra àwọn irin kéékèèké tí wọ́n fi ń tún ìbọn ṣe, òun náà ló sì ń gba èyí tó kán, á jù ú sínú agolo kan tí wọ́n máa ń kó lọ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Kì í ṣe ọmọ ìjọ Aládùúrà bíi tiwa. Ó wà nínú àwọn tó ń wọ bàtà bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìkórè wa kan tí kì í wá, nítorí ìkọ́kọrẹ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì mọ̀ ọ́n sè.

Ní ìkórè kan, lẹ́yìn tí a ti jẹun tán, èmi àti rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń háyà, mo ń fọ ìkòkò, ó ń nù ún. Kí ẹ tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ní láti mọ èyí: ìkòkò tí kò bá ní àmì, ti gbogbo ayé ni. Kúlà á lọ sílé onílé, ìdérí ìkòkò á fẹ́ ọkọ tuntun, ṣíbí ò tilẹ̀ ṣeé sọ. Èmi fúnra mi ti fi ìṣó fín ilà mẹ́ta sídìí gbogbo ìkòkò mi. Sylvanus rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mummy, even pot, ẹ kọlà fún un?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni mo gbé kànìnkànìn sílẹ̀.

Mo ní, "Sylvanus, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ bàbá yìí. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà tán nìyẹn."

Ó fi ọwọ́ tútù lu àyà. "Mummy, no shaking. As long as èmi ni mo wà ní store yẹn, it's not happening."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ di ìkọ́kọrẹ́ tó kù fún un lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìkọ́ inú Ìyàwó Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tẹ́lẹ̀, ìkọ́ kan a máa pẹ́ títí a ó fi gbàgbé rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n á fi tuntun sí i, kò ní pẹ́, á já lẹ́nu. Èyí tó tẹ̀lé e kò ní pẹ́ tó o. Àwọn tó ń ya fíìmù á ti to iná, aṣeré kan á ti ṣubú lulẹ̀, á ti kú tán, ìbọn ò sì tíì dún. Wọ́n á gbé òkú dìde, wọ́n á ní kó lọ mu tíì ná. Inú Seth ń bàjẹ́. Ó sì yẹ kó bàjẹ́.

Adéyanjú kọ́kọ́ dá ọta lẹ́bi. Ó dá ilé iṣẹ́ tó ń rọ ìkọ́ náà lẹ́bi. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mo bá a nídìí fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi dání, ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ̀ ọ́ lójú, kí ó lè mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ṣì ríran. Lẹ́yìn èyí, ó na ọwọ́ síwájú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ń gbọ̀n.

"Ìyá Tóbi," ó ní, "ó jọ pé ọwọ́ mi ti ń kú."

Tí ẹ̀rù bá bà mí, ìbínú ló máa ń tẹ̀lé e. Mo ní, "Ọwọ́ tó ń kú náà ló bu ẹran mẹ́ta lánàá?" Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹran kì í kọjá lára ọkọ mi láìjẹ́ pé ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wá burú jù ni ti ìkọ́ tó já tó fò, tó ha aṣeré kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló yọ, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Seth pe ọkọ mi sí ọ́fíìsì. Ó ní bí ìbọn yẹn bá tún kán lẹ́ẹ̀kan péré, òun á kó gbogbo àwọn ìbọn àtijọ́ dànù, òun á ra àwọn oníke tó ń lo bátìrì, kọ̀ǹpútà á máa ya iná sí wọn lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fíìmù tán. Àwọn yẹn kò nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, Adéyanjú ní, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló dun òun.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo rí ìkòkò mi ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọnù láti ìkórè. Ìyá Bọ́ládé ló gbé e wá, ó se ìrẹsì sínú rẹ̀, ó ń ro ó bí ẹni pé òun ló bí i. N kò bá a jà. Mo dúró kí wọ́n bu ìrẹsì tán, mo dojú ìkòkò dé, mo fi ìka tọ́ ilà mẹ́ta hàn án. Ó ní, "Ha! Ìyá Tóbi, ẹ má bínú, mo ṣebí tèmi ni." Mo gbé ìkòkò mi, mo wọ bọ́ọ̀sì, inú mi dùn bí ẹni tó gba ọmọ rẹ̀ padà lójú ogun.

Mo délé, mo bá Adéyanjú, oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún un ti dì. Ayọ̀ mi rọlẹ̀. Mo gbé ìkòkò ka iwájú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Tóbi, àwọn ìkọ́ tó ń kán yìí, ibo ni wọ́n ń lọ?"

"Inú agolo Sylvanus."

"Láti inú agolo ńkọ́?"

"Wọ́n á kó wọn lọ yọ́."

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ́ wọn?"

Ó wò mí. "Moṣọpẹ́, ṣé o rò pé irin ń kú, ó ń padà wá bí àbíkú ni?"

"Èmi ò ro nǹkankan. Ohun tí mi ò bá kọlà fún, mi ò lè búra pé kò padà wá sílé mi. Ṣé ẹ rí ìkòkò yìí? Ilé Ìyá Bọ́ládé ló ti ń bọ̀. Bóyá ẹnì kan wà níbi tí wọ́n ti ń ra ìkọ́ wọ̀nyẹn tó ń ṣa èyí tó ti kú, tó ń tún un tà fún yín. Ẹ kọlà fún un kí ẹ tó jù ú nù. Kí ló máa gbà lọ́wọ́ yín?"

Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Pélé wà níbẹ̀, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún un, nítorí láyé tiwọn, ọmọ tí ogun bá kó lọ, ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n bó bá padà. Nígbà tí wọ́n fi bí Adéyanjú, ogun ti tán láyé, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ní ta ló mọ̀. Adéyanjú ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

"Ó dáa," ó ní. "Màá kọ pélé fún un. Ọmọ ilé wa ni."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn, bóyá nítorí kí n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ nínú ohùn ìbọn pé ìkọ́ tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ já. Ó yọ ọ́ kí ó tó já lójú Seth. Ó mú ayùn irin tó kéré jù, ó fín pélé mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹni tí kò bá dojú rẹ̀ dé kò lè rí i, ó sì jù ú sínú agolo. Sylvanus ní kó fún òun láyè díẹ̀, tuntun ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń múra àti lọ síbi iṣẹ́ mi ní Becontree Heath, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ni mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Adéyanjú wọlé tòun ti bàtà. Ohun tí mo sọ ò yé yín. Ọkọ mi kì í fi bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì mi. Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?" Ó na ìnujú kan sí mi, ó tú u, ìkọ́ irin kékeré kan wà nínú rẹ̀, dúdú, ó ń dán. Ó dojú rẹ̀ dé. Pélé mẹ́ta.

"Inú páálí tuntun ló wà!" ó ní. "Wọ́n ti jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n yún un, wọ́n kùn ún. Òun ni, Ṣọpẹ́! Òun ni! Ọwọ́ mi kọ́!"

"Ọwọ́ yín kọ́!"

"Ọwọ́ mi kọ́!" Ó gbá mi mọ́ra, ó gbé mi kúrò nílẹ̀, tòun tọjọ́ orí rẹ̀, a sì ń jó láàárín pálọ̀, orúnkún mi ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, n kò bìkítà. Mo pẹ́ débi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé ayọ̀ ló dé sílé wa.

Ṣùgbọ́n kí n tó jáde, mo rí i tó jókòó, tó ń yí ìkọ́ náà káàkiri àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rín ti ń tán lójú rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan agolo yẹn àfi Sylvanus," ó ní.

Ọkùnrin náà ti jẹun nílé wa débi pé ó ní àga tirẹ̀. Mo bi ọkọ mi pé báwo ni ojú rẹ̀ kò ṣe rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo ti ń gbà á. Ta ló ń tú oúnjẹ ọ̀rẹ́ wò kó tó jẹ ẹ́?"

Ní ọjọ́ Sátidé, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rush Green, níbi tí Sylvanus ń gbé. Ó ń fi ẹ̀rọ gé koríko iwájú ilé rẹ̀. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó sá wá gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó rí ìnujú lọ́wọ́ Adéyanjú, tó rí bó ṣe dì í mú, ó pa ẹ̀rọ náà. Kò purọ́. Màá jẹ́rìí rẹ̀ níbikíbi. Ó mú wa lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé, ó ṣí i. Ẹ̀rọ ìjórin wà níbẹ̀, ayùn wà níbẹ̀, ọ̀dà dúdú wà níbẹ̀, àti àwọn páálí kéékèèké àtijọ́ tí ó tọ́jú.

"Àwọn tó ń ṣe ìbọn yẹn ti kógbá sílé, Bàbá," ó ní. "Parts don finish for the whole world. I searched taya. Germany, America, everywhere. Kí n wá lọ sọ fún Seth? The same day wọ́n á gbé Ìyàwó Kékeré lọ, wọ́n á gba tábìlì iṣẹ́ yín, wọ́n á ní ẹ máa lọ sílé. Popsi mi, ajórin ni ní Sàpẹ́lẹ́. Mo mọ̀ ọ́n jó. I just said, make I dey manage am small small."

Adéyanjú ní, "Ta ló ní kí o ṣe é?"

Sylvanus kò fẹ́ wò mí. Ó wò mí náà. "Na Mummy beg me. Ní ìkórè. Wọ́n ní tí iṣẹ́ yín bá tán, ẹ̀yin náà ti tán."

Ọkọ mi yíjú sí mi. N kò rí ibi tí màá fi ojú sí. Mo ní, "Bàbá Tóbi, mi ò sọ pé kó jórin o. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ ni." Adéyanjú yí ìkọ́ náà padà lọ́wọ́, ó wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o.

"O jó o dáadáa," Adéyanjú sọ fún Sylvanus níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mi ò lè purọ́, o mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n irin kékeré báyìí, tí iná bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, agbára inú rẹ̀ ti jáde lọ nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló bà. Tó bá jẹ́ ojú ńkọ́?"

Sylvanus ń sunkún. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. I didn't know it would fly."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò fẹ́ kí n kú," ọkọ mi ní, ó ń wo èmi náà, "ẹ wá ń jẹ́ kí n rò pé mo ti ń kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń gé àlùbọ́sà, mo máa ń dúró díẹ̀. Mo rántí abẹ́rẹ́ àti òwú nídìí fèrèsé, mo sì jókòó sórí páálí kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn, èmi náà sunkún. Adéyanjú wò wá, ó mí kanlẹ̀, ó ní ta ni yóò wá rẹ àwa méjèèjì lẹ́kún báyìí, ṣé òun tí wọ́n ṣẹ̀ náà ni? Ó wá fi ọwọ́ lé Sylvanus léjìká. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rù tún bà mí. Mo ní kò sí ẹni tó tíì mọ̀. Mo ní bóyá ká wá ẹni tí yóò rọ ìkọ́ tuntun láti ara irin tuntun, kí wọ́n má jó o, kí gbogbo nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkùnrin ìdí fèrèsé yẹn ni mò ń sá fún.

Ó mi orí. "Ara ìbọn náà fúnra rẹ̀ ti ń là, Ṣọpẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìkarahun ń gbà jáde. Ó tín-ín-rín bí irun orí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i, mo fi òróró bò ó, mo ní ojú mi ló ń ṣe mí." Ó wo ojú fèrèsé. "Gbogbo wa la jọ ń gbé òkú náà dìde."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lọ bá Seth, ó ní ìbọn náà ti lo ayé rẹ̀ tán, irin rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, kí wọ́n má fi sí ọwọ́ ẹnì kankan mọ́. Kò dárúkọ Sylvanus. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde, Sylvanus ń wọlé, ó sì lọ sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Seth pariwo, gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́. Ó kìlọ̀ fún un gidi, ó ní kó gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ tà, ó sì fi í sílẹ̀ sí sítọ̀. Àwọn ìbọn oníke ń bọ̀. Tábìlì iṣẹ́ ọkọ mi kò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn tí òfin fún láyè wá kó ìbọn àtijọ́ lọ gé, Adéyanjú tú Ìyàwó Kékeré palẹ̀, ó fọ èéfín kúrò nínú rẹ̀, ó nù ún, ó fi òróró pa á, ó tò ó padà. Seth bi í pé kí ló ń nù ún fún nígbà tí wọ́n ń lọ gé e. Ọkọ mi ní kò yẹ kí ènìyàn lọ ní ìdọ̀tí. Ó ní Seth wá dúró tì í títí tó fi parí. Èmi tí mo ń pè é ní orogún, mo gbé oúnjẹ fún un nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo sì jókòó tì í.

Mọ́ńdè tí Adéyanjú kọ́kọ́ wà nílé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ mi. Mo ní mo fẹ́ fọṣọ. Irọ́ ni, mo fẹ́ ṣọ́ ọ ni. Ó jẹun àárọ̀, ó wẹ̀, ó lọ jókòó sídìí fèrèsé, ó kọjú sí ògiri ilé àtijọ́ yẹn. Mo wo aago ara ògiri, mo ní láìpẹ́ á gbé e sọ̀kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ sókè, kí n má baà sunkún lójú rẹ̀.

"Ìyá Tóbi."

Mo dúró. "Kí ni mo ṣe?"

"Tún ẹsẹ̀ yẹn gbé."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Òsì. Gbé e sórí èyí tó kàn."

Mo gbé e. Ó dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ sún, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì rí i tó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dijú, bó ṣe máa ń ṣe nídìí tábìlì rẹ̀, bí Sylvanus ṣe máa ń sín in jẹ láti mú mi rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i rí kí ó ṣe é sí mi.

"Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Mo ti tọ́jú èébú kan dè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dùn, ó gùn, mo ti kọ́ ọ sórí. Mo la ẹnu, n kò rí i mọ́.

"Mo sọ," mo ní. "Ẹ ní kí n bu ọbẹ̀ sí i."

Ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fà gùn, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́. Ó gun òkè wá bá mi, díẹ̀díẹ̀, ó gba apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó gbé e sórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ọwọ́ tí kò gbọ̀n rárá di orúnkún mi mú.

"Lọ́la, a jọ ń lọ rí dókítà," ó ní. "Má sọ pé rárá."

N kò sọ pé rárá. Ó di apá mi mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí orúnkún mi.